Ẹ Jẹ́ Kí A Tún Gun Kẹ̀kẹ́: Ọ̀nà Wo Ni Ó Yẹ Abiyamọ?

Ọ̀rọ̀ ìkòkò àti àwo ni a sábà máa ń bá ara wa sọ níhìn-ín, ṣùgbọ́n ní oṣù yìí mo fẹ́ kí a jáde kúrò nínú ilé ìdáná fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo gbé wá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, àti irú ọ̀nà tí ó yẹ kí obìnrin tí ó ní ọmọ nílé máa gùn ún gbà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀rín náà pamọ́ díẹ̀. Bí ẹ bá kà mí dé òpin tí ẹ̀rín ṣì ń pa yín, ẹ wá rín in tẹ́rùn.

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún mi

Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, ara mi wúwo, kò sì fúyẹ́ mọ́. Ní ọ̀sán, èmi ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa oúnjẹ aṣaralóore àti ìtọ́jú ara. Ní ìrọ̀lẹ́, èmi náà ni mo ń jókòó ti òkìtì ìwé tí mo fẹ́ máàkì títí òru yóò fi gànjọ́. Ní ọjọ́ kan tí mo gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, nọ́ọ̀sì ní kí n jẹ́ kí òun wo bí ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru sí. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò, ó wá wò mí lójú. Ó ní, "Ìyá Táyọ̀, ẹ̀jẹ̀ yín ti ń ga. Ohun tí ẹ ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ bá mi fi kọ́ ara yín."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí pé òtítọ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa fi ara ṣiṣẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún, ó kéré tán, 150 ìṣẹ́jú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, 30 ìṣẹ́jú ni yóò kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ń rìn lọ sí oko tí ó ń rìn bọ̀ ti san gbèsè yìí tán. Àwa tí a ń ti orí àga dé inú ọkọ̀, tí a tún ń ti inú ọkọ̀ dé orí àga, àwa ni gbèsè ṣì wà lọ́rùn wa. Kẹ̀kẹ́ gígùn sì dára láti fi san án: kì í ni orúnkún lára bí eré sísá, kì í mu epo bẹntiróòlù tí owó rẹ̀ ti lọ sókè láti oṣù karùn-ún ọdún 2023, ó sì ń gbé ènìyàn dé ibi tí ó ń lọ.

Kẹ̀kẹ́ bàbá mi

Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Ní Òmù-Àrán tí mo gbé dàgbà, bàbá mi tí ó jẹ́ olùkọ́ ní kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú kan, òun ni ó sì kọ́ mi ní pápá ilé-ìwé. Ìyá bàbá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ìyá àgbà ní kẹ̀kẹ́ a máa ba ọmọbìnrin jẹ́, àti pé ọmọ tí ó bá ń la ẹsẹ̀ lórí irin kò ní rí ọkọ fẹ́. Mo rí ọkọ fẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sì ti bí ọmọ méjì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí fún yín, ẹ má bá a jà. Ẹ rántí pé nígbà tí Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ń wa mọ́tò ní Abẹ́òkúta láyé ọjọ́un, àwọn kan kò rò pé iṣẹ́ obìnrin ni ìyẹn náà.

Nígbà tí mo lọ kàwé fún ọdún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni àwọn ìyá arúgbó tí irun wọn ti funfun, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ lọ ra búrẹ́dì. Wọn kì í gba òpópónà. Àwọn ọ̀nà tóóró kan wà láàárín oko, tí igi wẹ́wẹ́ ṣe ọgbà sí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí ọkọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Mo bi wọ́n bí ó ti rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé ní ọdún 1977 ni àwọn ènìyàn kan kó ara wọn jọ ní ìlú Bristol láti máa la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́. Ojú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ kan, láàárín Bristol àti Bath, tí ọkọ̀ ojú irin kò gbà mọ́, wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe. Ní ọdún 1995 wọ́n rí owó ńlá gbà láti inú owó tẹ́tẹ́ ìjọba, iṣẹ́ náà sì tàn ká gbogbo Bìrìtìkó. Ní ọdún 2018 wọ́n tún gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí n kò lè gbàgbé: pé kí ọ̀nà náà jẹ́ irú èyí tí ọmọ ọdún méjìlá tí ó ní làákàyè lè dá gùn láìséwu.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òṣùwọ̀n yẹn sọ́kàn. Èmi kò fi í sọ́kàn nígbà tí mo padà dé ilé, ohun tí mo sì rí nìyí.

Àṣìṣe mi méjì

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo gbé kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà jáde. Táyọ̀, ọmọ mi ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà náà, sunkún títí mo fi gbé e sórí irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí a fi ń gbé ẹrù, mo sì fi ọ̀já so ó mọ́ ara mi. Títì ńlá tí ó ti Ìlọrin wá, tí ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo dé Òmù-Àrán, ni mo gbà, nítorí pé ọ̀dà rẹ̀ ń dán. A kò tíì lọ jìnnà tí trélà kan fi kọjá lára wa pẹ̀lú eré. Kò fara kàn wá o. Atẹ́gùn rẹ̀ nìkan ni ó gbá wa, a sì ré lọ sínú koríko ẹ̀gbẹ́ títì, èmi, kẹ̀kẹ́, àti ọmọ tí ọ̀já kò jẹ́ kí ó lè fò sílẹ̀. Orí òkúta ni ó fi ojú lé. Àpá náà wà ní òkè ìpéǹpéjú rẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ń fi ìpara pa á lójú ní òwúrọ̀, ìka mi máa ń dé orí àpá yẹn, ọkàn mi a sì sọ fún mi pé èmi ni mo fà á.

Ọkọ mi kò bá mi wí. Ó ní, "Ìyá Táyọ̀, kẹ̀kẹ́ kò ṣẹ̀. Ọ̀nà tí o gbà ni kò tọ́." N kò fi ọmọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mọ́, mo sì lọ wá ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í gbà. Mo rí ọ̀nà oko kan tí ó tutù minimini, tí ẹyẹ ń ké níbẹ̀, tí n kò rí ọkọ̀ kan ṣoṣo fún odidi wákàtí kan. Inú mi dùn. Ní ọjọ́ kẹta tí mo gbà á, ní ìrọ̀lẹ́, mo pàdé àwọn ìyá mẹ́ta tí wọ́n ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú igi ìdáná lórí, wọ́n ń yára bí ẹni tí òjò ń lé. Èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn dúró. Ó ní, "Ìyàwó, níbo lò ń lọ?" Mo ní mo kàn ń gba atẹ́gùn ni, Màmá. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Padà sílé, ọmọ mi. Àwa tí a ní oko níbí kì í dúró dé àkókò yìí mọ́." Mo yí kẹ̀kẹ́ padà. Mo rọra ń gùn ún tẹ̀lé wọn, n kò sì kọjá iwájú wọn títí a fi wọ ìlú.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń lé wọn. Ìjínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà di ẹ̀rù ní apá gúúsù Ìpínlẹ̀ Kwara. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni àwọn agbébọn ti kọlu àwọn olùjọsìn ní ìlú Erúkú, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó àwọn mìíràn lọ kí wọ́n tó rí ìtúsílẹ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kedere: ọ̀nà ìdákẹ́jẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀nà ahoro. Ní ọ̀nà ìdákẹ́jẹ́, ọkọ̀ ni kò pọ̀. Ní ọ̀nà ahoro, ènìyàn ni kò sí. Èkíní ni kí a máa wá, kí a sì sá fún èkejì bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Bí a ti ń mọ ọ̀nà tí ó yẹ

Àwọn àgbà wa sọ pé láti inú "Ogbó mi mọ̀nà" ni orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Ogbó ni àdá tí Odùduwà fi fún Ọ̀ràngún, tí ó sì fi ń lànà nínú igbó. Ọmọ ẹni tí àdá rẹ̀ mọ̀nà kò yẹ kí ó máa gba ọ̀nàkọnà. Ohun mẹ́rin ni èmi ń wò nísinsìnyí.

Èkíní, kí ọkọ̀ má pọ̀. Ẹ dúró ní etí ọ̀nà náà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní irú àkókò tí ẹ fẹ́ máa gùn ún, kí ẹ ka ọkọ̀ tí ó kọjá. Ẹ tún lọ kà á ní ọjọ́ ọjà, nítorí ọ̀nà tí ó parọ́rọ́ ní àná lè máa hó yèè bí ọjà bá ná.

Èkejì, kí ènìyàn wà. Kí ilé, ilé-ìwé, ìsọ̀ àwọn alákàrà tàbí oko tí àwọn olóko wà nínú rẹ̀ má jìnnà sí ara wọn. Bí ẹ bá kígbe, ó yẹ kí ẹnìkan gbọ́.

Ẹ̀kẹta, kí ojú ríran jìnnà. Ọ̀nà tí ó kún fún kọ́nà, tí koríko rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ, kò dára. Nígbà òjò, koríko a máa bo ọ̀nà tí ojú ti ń ríran nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ má fi ti oṣù kìíní ṣe ìdájọ́ ti oṣù kẹsàn-án.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹ bèèrè. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ bi àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú, ẹ bi àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, ẹ bi àwọn ìyá tí ń lọ sí oko. Ẹ sì bèèrè ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ lọ gan-an, nítorí pé ìròyìn ọ̀nà tètè máa ń ṣá ju ẹ̀fọ́ lọ. Bí ìdáhùn wọn kò bá dá yín lójú, ẹ lọ gun kẹ̀kẹ́ yín yí pápá ilé-ìwé ká. Ìdajì wákàtí ní pápá àti ìdajì wákàtí ní ojú ọ̀nà, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ fún ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè àwọn ará Bristol: ṣé mo lè jẹ́ kí ọmọ mi tí ó jẹ́ ọdún méjìlá dá gba ibí yìí? Bí ọkàn yín bá ní rárá, ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ gbà á, nítorí pé ìyá ọmọ ni yín.

Òwúrọ̀ kan láti Ìlùdùn dé Èsìẹ́

Àwa mẹ́rin ni a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ báyìí, a kì í sì dá lọ. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní àkókò ọyẹ́, a fi ọkọ̀ kó kẹ̀kẹ́ wa dé ilé ọ̀rẹ́ wa kan ní Ìlùdùn-Òró. Láti ibẹ̀ ni a ti gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Èsìẹ́ tí ó múlé tì í. Ewúrẹ́ ni ó dí wa lọ́nà ju ọkọ̀ lọ. Gbogbo ẹni tí a kọjá ni ó kí wa, àwọn ọmọdé sì ń sáré tẹ̀lé wa pẹ̀lú ariwo. Mo wí fún ara mi pé ọ̀nà tí a ti ń kí ènìyàn tó báyìí, òun gan-an ni mo ti ń wá.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ ni a lọ. Òun ni ó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, ní ọdún 1945. Ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin wà, púpọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí pẹ̀lú irun dídì tí ó ga tí ó sì rẹwà. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ̀ wọ́n tipẹ́tipẹ́, wọ́n sì ń ṣe ọdún wọn, kí òyìnbó ìjọ kan tí ń jẹ́ Ramshaw tó ròyìn wọn fún ayé ní ọdún 1933. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé àlejò ni wọ́n, tí wọ́n di òkúta níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọ̀kan nínú wa wo àwọn ère obìnrin náà títí, ó ní, "Ẹ wò ó, àwọn wọ̀nyí ti jókòó jù." A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí a ti ń padà bọ̀, olúkúlùkù wa ń ro ọ̀rọ̀ náà. Èmi tí mo bí sí Òmù-Àrán, ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti dé ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọjá ìlú tiwa láti ọdún yìí wá.

Ìmúrasílẹ̀

Ẹ wá kẹ̀kẹ́ tí irin àárín rẹ̀ rọlẹ̀, kí ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ lè rọrùn. Kí ìjókòó rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí orúnkún yóò fi tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Kí ẹ tó jáde, ẹ fi ọwọ́ tẹ táyà méjèèjì bóyá afẹ́fẹ́ wọn pé, ẹ tẹ bíréékì iwájú àti tẹ̀yìn, ẹ lu agogo.

Ìró kò bá kẹ̀kẹ́ mu, nítorí pé ṣéènì a máa gbé e. Ṣòkòtò tí kò fẹ̀ lẹ́sẹ̀, lábẹ́ bùbá tí ó gùn dé orúnkún, bo àṣírí ara dáadáa. Kí aṣọ yín jẹ́ àwọ̀ tí ó ń tàn, kí ẹ sì dé akoto, irú èyí tí ó yẹ kí àwọn ọlọ́kadà máa dé. Ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ máa tọ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin wa láti ọdún 1972.

Ẹ má fi ebi gun kẹ̀kẹ́, ẹ má sì yó bámúbámú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tàbí méjì tó kí ẹ tó jáde. Bí ẹ bá dé, ẹ̀kọ tútù àti àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín yóò dá agbára padà. Kí omi má wọ́n yín lọ́wọ́, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọ lọ́yàn, kí ẹ sì fún ọmọ lọ́yàn kí ẹ tó lọ.

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó dúró títí yóò fi lọ fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún kí ó tó bí, kí ó dúró di ìgbà tí dókítà bá yọ̀ǹda. Ẹni tí ó lóyún, kì í ṣe ìsinsìnyí ni ó yẹ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ kẹ̀kẹ́. Ẹ kò sì gbọdọ̀ pọn ọmọ gun kẹ̀kẹ́, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọ̀já so ó mọ́ ẹ̀yìn bí mo ti ṣe. Bí kò bá sí ìjókòó ọmọ tí a ṣe fún kẹ̀kẹ́, tí ó ní ìgbànú tirẹ̀, kí ọmọ dúró sílé.

Paríparí rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tí ẹ fi sílé, ìbáà ṣe ọkọ, ìbáà ṣe ìyá ọkọ, ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti aago tí ẹ ó dé, kí ẹ sì dé ní aago náà. Ìyá ọkọ mi ni ó ń jókòó ti àwọn ọmọ fún mi ní òwúrọ̀ Sátidé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò fọwọ́ sí i. Nígbà tí ó rí i pé bí mo bá ti wí ni mo ń ṣe, tí nọ́ọ̀sì sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń wálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí mi fúnra rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi, àwọn ẹgbẹ́ rẹ ti ń retí rẹ."

Táyọ̀ ti pé ọmọ ọdún méje báyìí. Mo ti ń kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ní pápá ilé-ìwé, níbi tí bàbá mi ti kọ́ mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ó bi mí pé, "Mọ́mì, ìgbà wo ni a ó lọ sí ojú ọ̀nà?" Mo ní bí a bá rí ọ̀nà tí ó yẹ ọ́ ni. Ẹ bá mi wá a, ẹ̀yin abiyamọ, olúkúlùkù ní ìlú tirẹ̀, kí ẹ sì sọ fún ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ẹ bá rí i.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run ṣọ́ ìrìn wa.